MO TÒ SÓRÍ ÌLÀ LÓRU NÍ LỌ́ŃDỌ̀NÙ NÍTORÍ RẸ́KỌ́Ọ̀DÙ KAN ṢOṢO

Mo fẹ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Tí ẹ bá jáde ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, tí ẹ bá èèyàn bí ọgbọ̀n níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ gbọn-in gbọn-in, tí àwọn kan jókòó sórí àga, tí àwọn kan fi kúbùsù bora, tí òtútù ń lù wọ́n, kí lẹ máa rò pé wọ́n wá rà? Tó bá jẹ́ ilé wa ni, ẹ máa ní bẹntiróòlù ti wọ́n nìyẹn. Àbí ẹ máa ní ìrẹsì tó dínwó ló dé. Rárá o! Rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n wá rà. Rẹ́kọ́ọ̀dù dúdú roboto yẹn náà, tí àwọn bàbá wa máa ń gbé lé orí giramafóònù, tí ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn àti Èkó ti kó dà sí ààtàn tipẹ́tipẹ́.

Èmi gan-an wà lórí ìlà yẹn. Nọ́ḿbà 33 ni mí.

Ọjọ́ Sátidé, 20 oṣù kẹrin ọdún 2024 lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ní àdúgbò Soho, àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ mọ̀ pé Peckham ni mo ń gbé, mo ń fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí, mo ń fi ọwọ́ kejì kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí yín. Orin ò fi bẹ́ẹ̀ ká mi lára tó báyẹn. Inú fóònù ni mo ti ń gbọ́ tèmi. Ẹni tó gbé mi dé Soho ni bàbá kan tí wọ́n ń gbé òkè ilé wa, tí gbogbo ọmọ Yorùbá àdúgbò ń pè ní Dádì Oní-rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n, ẹni ọdún 61, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wà. Wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹbí wà nínú rẹ̀. Wọ́n sì tún ní kí n má dárúkọ rẹ́kọ́ọ̀dù tí àwọn ń wá. Mo ní, "Kí ló dé, Dádì?" Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, tí o bá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, gbogbo oníṣòwò á gbọ́ pé ẹnìkan ń wá a, owó rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́ta kó tó di Mọ́ńdè." Mo gbà fún wọn. Nítorí náà ẹ má bínú, ẹ máa gbọ́ ìtàn rẹ́kọ́ọ̀dù tí kò lórúkọ.

NÁÍRÀ MẸ́RIN-MẸ́RIN

Bàbá tó bí Dádì, àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì wà nínú ẹgbẹ́ olówó kan ní Ìbàdàn nígbà ayé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà wa, ẹ mọ̀ bí àwọn olórin wa ti ń ṣe é. Olówó á ná wọn lówó lóde, wọ́n á sì kì í mọ́ inú rẹ́kọ́ọ̀dù, orúkọ rẹ̀ á wọ gbogbo ilé tó ní giramafóònù. Àní ẹgbẹ́ lódindi ni wọ́n ń kì báyẹn. Ṣebí ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo ni Hárúnà Ìṣọ̀lá fi rẹ́kọ́ọ̀dù Oroki Social Club kì ní 1971, tí gbogbo ayé fi mọ ẹgbẹ́ náà títí di òní. Bẹ́ẹ̀ náà ni olórin jùjú kan ṣe fún bàbá Dádì ní 1974. Olórin náà kò lókìkí tó Sunny Adé tàbí Ebenezer Obey, ó sì ti kú. Ṣùgbọ́n ó dárúkọ bàbá wọn lójú kejì rẹ́kọ́ọ̀dù náà, ó kì wọ́n dáadáa, ó kì wọ́n dé ìdílé.

Rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá náà lé ní 160. Wọ́n fi bírò olómi ewé kọ nọ́ḿbà sẹ́yìn páálí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì yí òbìrípo ká a. Nọ́ḿbà ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Tí àlejò bá dé, wọ́n á kígbe sí ìyàwó wọn pé, "Gbé 88 wá!" Gbogbo ilé ti mọ̀ pé orúkọ bàbá fẹ́ jáde lẹ́nu olórin nìyẹn.

Bàbá kú ní 1991. Ní 1993, Dádì ń wá owó ọkọ̀ òfuurufú. Owó kò pé. Ọkùnrin kan ń ti ọmọlanke kiri ní Ọjà'ba, ó ń ra àlòkù. Dádì kó àpótí bíà méjì tó kún fún rẹ́kọ́ọ̀dù jáde, wọ́n sì gbé rédíògíráàmù lé e. Ọkùnrin náà ka owó: náírà mẹ́rin-mẹ́rin fún rẹ́kọ́ọ̀dù kan.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Kásẹ́ẹ̀tì ló wà lóde nígbà náà. Ta ló tún ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù? Mo rò pé ẹrù ni mo ń kó kúrò nílẹ̀." Ìyá wọn lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ìyá dé, tí wọ́n wo igun tí àpótí wà, ohun tí wọ́n bi ọmọ wọn ni pé, "Níbo lẹ gbé orúkọ ọkọ mi dà?"

Ìyá náà wà láyé o. Ẹni ọdún 86 ni wọ́n. Dádì ní títí di ìsinsìnyí, tí àwọn bá pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á kí àwọn, wọ́n á súre, kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀ wọ́n á ní, "88 ńkọ́?" Ọgbọ̀n ọdún ó lé ọ̀kan!

Dádì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra rẹ́kọ́ọ̀dù. Kí ìyàwó wọn tó mọ̀, rẹ́kọ́ọ̀dù ti kún yàrá ọmọ wọn tó lọ sí yunifásítì. Mọ́mì sọ fún mi lójú wọn pé, "Ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ kan ló di oníṣòwò abẹ́rẹ́ yìí."

PÀṢÍPÀÀRỌ̀

Ní ọdún 2023, níbi ọjà rẹ́kọ́ọ̀dù àlòkù kan, Dádì pàdé tíṣà òyìnbó kan láti Birmingham tó ń kó rẹ́kọ́ọ̀dù ilẹ̀ Áfíríkà jọ. Wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, Dádì ní kí àwọn kàn béèrè. Òyìnbó ní, "Mo ní i." Ó ti rà á mọ́ àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù Nàìjíríà míì níbi tí àwọn èèyàn ti ń ta ẹrù ilé lẹ́yìn búùtù mọ́tò lọ́jọ́ Sunday. Dádì fi 60 pọ́n-ùn lọ̀ ọ́. Ó kọ̀. Ó ní òun kì í ta rẹ́kọ́ọ̀dù, pàṣípààrọ̀ nìkan ni òun ń ṣe. Nígbà tó yá ó kọ̀wé pé rẹ́kọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ olórin òyìnbó kan ń bọ̀ lóṣù kẹrin, iye tí wọ́n tẹ̀ kò pọ̀, ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí òun kò ní rí i gbà. Tí Dádì bá lè bá òun rà á ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ náà, òun á gbé ti jùjú yẹn wá.

Orúkọ ẹgbẹ́ òyìnbó yẹn, kò tilẹ̀ ṣeé pè lẹ́nu mi. Dádì náà ò gbọ́ orin wọn rí.

"Èmi nìkan ò lè wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà," ni Dádì wí fún mi. Ìdí tí wọ́n fi mú mi dání nìyẹn. Wọ́n ṣèlérí oúnjẹ fún mi, mo sì gbà.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ òru la wọ bọ́ọ̀sì nọ́ḿbà 12, èyí tó máa ń ná ojú ọ̀nà mọ́jú. Àwọn tó ń ti ilé ijó bọ̀ ń sùn nínú ọkọ̀, àwọn tó ń lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì náà ń sùn, ọmọ ilẹ̀ wa ló pọ̀ jù nínú àwọn yẹn. Dádì gbé fíláàsì tíì àti mọ́ínmọ́ín ewé mẹ́rin dání. A sọ̀ nítòsí Piccadilly, a fẹsẹ̀ rìn wọ Soho. Mo rò pé àwa la máa kọ́kọ́ dé. Háà! Èèyàn 31 ló ti wà níwájú wa. Ọkùnrin tó wà ní iwájú pátápátá sọ fún wa pé aago mẹ́wàá alẹ́ àná lòun ti dé.

ỌJỌ́ KAN LỌ́DÚN

Lórí ìlà yẹn ni mo ti wá mọ ohun tó ń jẹ́ Record Store Day. Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2007, àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́kọ́ọ̀dù aládàáni ṣèpàdé, nítorí ọjà ti ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Orí kọ̀ǹpútà ni àwọn èèyàn ti ń gba orin. Wọ́n wá pinnu pé ọjọ́ kan á wà lọ́dún tí àwọn olórin á tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù tó níye, tó jẹ́ pé ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà ló máa rí i rà. 19 oṣù kẹrin ọdún 2008 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ Metallica, àwọn onígìtá aláriwo yẹn, sì lọ bá àwọn èèyàn ṣeré ní ṣọ́ọ̀bù kan ní California. Nígbà tó yá ó tàn dé gbogbo ayé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ṣọ́ọ̀bù tó ń bá wọn ṣe é ti lé ní 200. Ní ọdún 2020 tí Kòrónà dé, ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pín in sí kí èrò má baà pọ̀ jù.

Ó lófin o, òfin rẹ̀ sì le. Ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni tọ́jú rẹ́kọ́ọ̀dù pamọ́, ìbáà jẹ́ àbúrò ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹyọ kan péré lẹnì kan lè rà nínú irú rẹ́kọ́ọ̀dù kan. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ó di aago mẹ́jọ alẹ́ Mọ́ńdè kí wọ́n tó lè gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ṣe é báyẹn nítorí àwọn ajẹlẹ́yìn tó máa ń ra rẹ́kọ́ọ̀dù láàárọ̀, tí wọ́n á sì ti gbé e sórí eBay lọ́sàn-án ní ìlọ́po méjì. Ṣé òfin yẹn ń ká wọn lọ́wọ́ kò? Kò ká wọn. Mo bi Dádì bóyá tiwa yìí kò jọ ti ajẹlẹ́yìn díẹ̀. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ṣé mo fẹ́ jèrè ni?" Mo panu mọ́.

Ọmọbìnrin kan tó wà níwájú wa, tó da kúbùsù bo orí, ló ṣàlàyé fún mi ìdí tí rẹ́kọ́ọ̀dù fi ṣòro ó tẹ̀ báyìí. Ó ní kí wọ́n tó tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ gé orin náà sára àwo kan tí wọ́n fi ọ̀dà pàtàkì kùn, ara ìyẹn ni wọ́n á ti yọ irin tí wọ́n á fi máa tẹ ìyókù. Ilé iṣẹ́ méjì péré ló ń ṣe irú àwo yẹn lágbàáyé tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ní Japan, èkejì ní California. Ti California, Apollo Masters, jóná ráúráú ní 6 oṣù kejì ọdún 2020. Bẹ́ẹ̀ ọjà ti yí padà: ní 2022, rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà tó mílíọ̀nù 41, CD kò ju mílíọ̀nù 33 lọ. Láti 1987, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí rẹ́kọ́ọ̀dù máa borí CD.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Dádì. Wọ́n ní, "Àwa náà tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù nílé rí o." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: EMI wà ní Èkó, Decca wà níbẹ̀, Hárúnà Ìṣọ̀lá fúnra rẹ̀ kó owó àpalà jọ, ó fi dá Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n ní, "Ìjẹ̀bú-Igbó! Kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù o." Ọmọbìnrin òyìnbó yẹn ò mọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n ó mọ Hárúnà Ìṣọ̀lá. Ó ní òun ní ọ̀kan nílé. Ojú tì mí díẹ̀, nítorí èmi ò ní ìkankan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a jẹ mọ́ínmọ́ín. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn wa ń wò wá lẹ́nu, Dádì fún un ní ẹyọ kan. Ó jẹ ẹ́ tán, ó bá béèrè bóyá ẹja ni àbí kéèkì. Mo ní méjèèjì ni.

Aago mẹ́jọ ni wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn. Mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń mú èèyàn wọlé. Àwọn tó ń jáde ń gbá àpò mọ́yà bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Aago mẹ́sàn-án kù díẹ̀ kó tó kàn wá. Lára ògiri apá kan, Fẹlá nìkan ló ni odindi àpótí kan, wọ́n ti tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀, ó ń dán yinrin. Èyí tó ṣe pẹ̀lú Ginger Baker ní Abbey Road, Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà, tó jáde ní 1971, wà níbẹ̀. Juju Music ti Sunny Adé tó jáde ní 1982 náà wà níbẹ̀, àlòkù ni. Mo ń wò ó báyìí, mo ń rò ó pé irú èyí ni ọmọlanke kó lọ ní náírà mẹ́rin.

Dádì ò tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ kankan. Wọ́n lọ tààrà sídìí káńtà, wọ́n dárúkọ rẹ́kọ́ọ̀dù òyìnbó yẹn. Ọmọkùnrin tó ń tajà mi orí. Mẹ́rin péré ni wọ́n kó wá fún wọn, ẹni ogún ló ra èyí tó gbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn gbogbo òtútù yẹn!

FÓÒNÙ DÚN GBÌN

A sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì ní òpópónà tó tẹ̀lé e. Ìlà ibẹ̀ ti yí ògiri po. Ẹni tó ń jáde sọ fún wa pé kò sí níbẹ̀, wọn ò tilẹ̀ kó o wá rárá. Àṣé bó ṣe rí nìyẹn, ohun tí ṣọ́ọ̀bù bá béèrè kọ́ ni wọ́n ń fún un. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti kọjá. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni òyìnbó máa sọ̀ ní Euston. Dádì wá pín wa: àwọn á lọ sí apá ìlà oòrùn, ní Brick Lane, kí èmi padà sí gúúsù, kí n máa yẹ àwọn ṣọ́ọ̀bù wò láti Elephant títí dé ilé.

N kò ní sọ gbogbo ibi tí mo dé fún yín. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Ní ọjọ́kanrí géérégé, mo bọ́ sílẹ̀ ní Peckham, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Peckham Rye, ibi tí kò jìnnà sílé wa, mo sì wọ ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ ra iṣu. Mo dárúkọ rẹ́kọ́ọ̀dù náà bí mo ṣe lè pè é. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní kí n tún un pè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ ọ́ jáde. Ẹyọ kan ló kù. Kò sí ìlà níbẹ̀, kò sí ariwo, ẹnì kan ò fi kúbùsù bora.

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó! Ẹ bá mi parí rẹ̀.

Owó rẹ̀ jẹ́ 34 pọ́n-ùn ó lé díẹ̀. Owó tó wà lọ́wọ́ mi ò ju 20 lọ. Mo ní kó bá mi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òfin ò gbà á, àti pé ẹni tó bá sanwó ni tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tó fi ìborùn bo etí ti dìde lẹ́yìn mi, ó ní tí mi ò bá rà á, òun á rà á. Mo di rẹ́kọ́ọ̀dù náà mú. Ẹ gbà mí! Mo pe Dádì. Wọn ò gbé e. Mo tún pè. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n wà, nínú ọkọ̀ ojú irin, fóònù ò wọlé. Ọmọkùnrin yẹn ń mí sí mi lọ́rùn. Ọmọbìnrin tó ń tajà ń wo èmi àti òun bí ẹni ń wo eré. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ 88 fún wọn, mo sọ ti ọmọlanke, mo sọ ti ìyá arúgbó, n kò mọ bí òyìnbó tí mo sọ ṣe dún létí wọn. Bóyá wọ́n rò pé mo ń purọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin yẹn ò sọ nǹkan kan mọ́, ó kàn dúró.

Ìgbà kẹfà ni Dádì gbé e. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, fóònù mi dún gbìn! Owó ti wọlé. Mo sanwó. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

NÍ EUSTON

Tíṣà òyìnbó náà ga, ó fi àpò pẹlẹbẹ kọ́rùn. Kò bèèrè bí a ṣe sùn. Ó gba rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀, ó wo igun páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní ó dára. Ó wá yọ tiwa jáde.

Ẹ bá rí ojú Dádì. Páálí náà ti gbó, ọ̀rinrin ti mú un nísàlẹ̀, olórin náà wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú gìtá, ó wọ agbádá léèsì, ẹ̀rín ń bẹ lójú rẹ̀. Ohun tí Dádì kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n yí i padà, wọ́n wo ẹ̀yìn, igun òkè lápá ọ̀tún. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wá. Kò sí bírò olómi ewé níbẹ̀. Orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n kọ síbẹ̀, orúkọ obìnrin kan, àti "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yá a."

Wọ́n yọ rẹ́kọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, wọ́n dà á síbi iná, wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ojú kìn-ín-ní mọ́. Lójú kejì, ìlà kan wà tó ti inú wá síta bí ẹni fi ìṣó ha á. Wọ́n dákẹ́. Òyìnbó ní òun ti sọ fún wọn nínú lẹ́tà pé ó họ díẹ̀. Ó sọ ọ́ lóòótọ́, mo ti rí lẹ́tà náà. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì tí a bá lọ sílé, orí itan ni wọ́n gbé e lé. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Camberwell.

Aago méje alẹ́ kọjá díẹ̀, Mọ́mì gbé àmàlà kalẹ̀, ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹ́. Dádì pe ìyá wọn ní Ìbàdàn. Lóṣù kẹrin, aago tiwọn àti tiwa dọ́gba. Ọmọ ọmọ ìyá ló di fóònù mú fún wọn, a ń rí ojú wọn. Dádì ò sọ ohun tó wà nílẹ̀, wọ́n kàn ní, "Màámi, ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́." Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ lé ojú kejì.

Ìlù gángan ló kọ́kọ́ wọlé, gìtá wá tẹ̀lé e. Ìyá ò mira. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó débẹ̀. Olórin kì àwọn méjì kan, ó kì ẹgbẹ́ náà, lẹ́yìn náà ló pe orúkọ bàbá, ó pe é ketekete. Ìyá la ẹnu. Kíá, abẹ́rẹ́ fò! Ó fò oríkì yẹn dànù, ó bọ́ sí ibi tí ìlù ti ń dá sọ̀rọ̀.

Dádì dá a padà. Ó tún fò. Wọ́n gbé owó kọ́bọ̀ lé orí abẹ́rẹ́ kó lè wúwo. Ó tún fò níbi kan náà. Wọ́n fẹ́ dá a padà lẹ́ẹ̀kẹrin, ìyá ní, "Fi sílẹ̀." Wọ́n wá fi ẹnu ara wọn ka oríkì tó fò yẹn láti orí dé ìdí, gẹ́gẹ́ bí olórin ṣe kà á, ìlù ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọmọ wọn ń rẹ́rìn-ín. Dádì yíjú sí ògiri. Èmi àti Mọ́mì ń wo àmàlà.

Nígbà tí wọ́n parí, ìyá ní, "Ó ṣeun. Ṣùgbọ́n eléyìí kì í ṣe 88." Iná bá lọ lọ́dọ̀ wọn, fóònù sì já.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, iṣẹ́ tí Dádì rán mi sí yín rèé. Àpótí bíà méjì ni, ọdún 1993, ní Ọjà'ba, Ìbàdàn. Ọkùnrin ọlọ́mọlanke náà sọ pé apá Dùgbẹ̀ lòun ń kó wọn lọ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pín káàkiri, kí ọ̀kan wà ní Ẹdẹ, kí òmíràn wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ bá wa yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti òkè àjà wò. Ẹnikẹ́ni tó bá ní rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n fi bírò olómi ewé kọ nọ́ḿbà sẹ́yìn páálí rẹ̀, ní igun òkè lápá ọ̀tún, tí wọ́n sì yí òbìrípo ká nọ́ḿbà náà, kó kọ lẹ́tà sí olóòtú, kó kọ orúkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dádì ò ní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sanwó fún èyíkéyìí tí wọ́n bá rí. Ṣùgbọ́n èyí tí ìyá ń retí, 88 ni.